Òkúta Tó Sùn

Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, 1983. Pune.

Wọ́n fún mi ní aṣman lónìí, ọ̀rọ̀ Sansikríìtì fún òkúta. Vartak Gúrúji, ọ̀gá wa, ló fúnra rẹ̀ gbé àpótí káàdì náà wá sórí tábìlì mi. Ó ní, "Renuka, òkúta rèé. Má jẹ̀ẹ́ kó já lé ọ lẹ́sẹ̀ o." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rin káàdì ó lé díẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé fẹ́ gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣ kí oṣù Òkúdu tó parí.

Ọdún méje ni mo ti ń bá wọn ṣe ìwé atúmọ̀ èdè yìí. Láti ọdún méje náà ni mo ti ń retí àpótí yìí, tí mo sì ń sá fún un. Mrudula tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní, "Tújú ká, jàre. Òkúta ni wọ́n gbé fún ọ, wọn ò gbé òkú fún ọ."

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Ẹrẹ́nà

Gírámà ni mo fi gbogbo òní ṣe. Raajan, ọba: tí a bá fẹ́ sọ pé ọba ló ṣe nǹkan, raajnyaa ni yóò dà, fáwẹ̀lì a tó ṣáájú n á bọ́ sọnù. Naaman, orúkọ: naamnaa, tirẹ̀ náà á bọ́. Ṣùgbọ́n aṣman kì í sọ tirẹ̀ nù. Aṣmanaa, "pẹ̀lú òkúta," a rẹ̀ dúró gbọn-in. Kọ́ńsónáǹtì méjì ló ti fẹsẹ̀ tira wọn níwájú rẹ̀. Bí a bá yọ a náà, mẹ́ta á kó jọ, ahọ́n á sì kọsẹ̀.

Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé: orúkọ a máa já, òkúta kì í já. Mo tún pa á rẹ́. Ta ni mò ń tàn? Orúkọ tèmi ló já. Vaidya ló wà lórí ìwé ẹ̀rí mi. Tíṣà wa ní Shirwal ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní Vitkar á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ Vitkar nílùú yìí tí kò ní mọ̀ pé ọmọ afọ́kùúta ni. Òun ló kọ ọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà

Orísun ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ nídìí tíì. Àwọn àgbà onígírámà ní inú ọ̀rọ̀-ìṣe aṣ ló ti wá, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan tàn dé ibi gbogbo. Àwọn òyìnbó ní rárá, inú mímú ló ti wá, mímú bí ojú ọ̀bẹ. Wọ́n ní ó ní àbúrò ní Lituéníà tó ń jẹ́ òkúta, ó ní òmíràn nílẹ̀ Gíríìkì tó di owú alágbẹ̀dẹ, èyí tó lọ sí Ìráàn sì di ojú ọ̀run. Gúrúji fa tíì rẹ̀ mu. "Ẹbí tó fọ́n káàkiri báyìí," ó ní, "tí olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀! Iṣẹ́ wa ni láti mọ ọmọ tí í ṣe ti ta ni."

Mo wo inú ife mi.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Ẹrẹ́nà

Oòrùn ń bẹ́ orí. Àlùbọ́sà ti gbówó lórí. Mrudula bi mí bóyá bàbá mi tó ti kú ló kọ́ mi ní Sansikríìtì nílé, torí pé tíṣà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, oṣù Igbe

Káàdì kan dá mi dúró. Inú ìwé àwọn kọ́lékọ́lé àtijọ́ kan ni wọ́n ti kọ ọ́ jáde. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ìwé náà ló kù, ikán sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Gbólóhùn náà kò gùn: suptam aṣmaanam na bhindyaat. Kí ènìyàn má ṣe la òkúta tó sùn.

Gúrúji fi dígí wò ó. "Òkúta wo ló ń sùn? Ṣé ó ń hanrun ni?" Mrudula bú sẹ́rìn-ín. Gúrúji ní, "Akọ̀wé yẹn ló tòògbé. Taptam ló fẹ́ kọ, òkúta tó gbóná. Kí a má ṣe la òkúta tó gbóná. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o fi àkíyèsí sí i pé àṣìṣe akọ̀wé ni."

Akọ̀wé kò ṣàṣìṣe. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi ní èdè ilé wa: "Ó ṣì sùn, má lù ú." Òkúta tó bá ṣì dùbúlẹ̀ bó ṣe wà nínú ilẹ̀, tí ìlà ara rẹ̀ nà gbalaja, bí o bá lù ú bẹ́ẹ̀, á fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èérún rẹ̀ á sì fò sí ọ lójú. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e nàró kí ìlà náà lè dúró ṣánṣán. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ pé ó ti jí.

Mo ti yanu. Gúrúji wò mí. "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, Gúrúji."

Bí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé ibo ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Igbe

Mo fọwọ́ sí káàdì náà. Taptam.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Igbe

Ó wù mí kí n fo ọjọ́ òní bí mo ṣe ń fo àwọn ọjọ́ mìíràn. N kò ní fò ó.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Mrudula gbójú sókè. "Renuka, ta ni bàbá tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn yẹn? Ìwọ ló ń wò."

Bàbá mi ni. Láwàní pupa rẹ̀ ló wé, eruku bò ó dé orúnkún, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká bí ìgbà gbogbo. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ mú. Kò wá sí ọ́fíìsì mi rí. Mo ti sọ fún un pé wọn kì í gba àlejò.

Ẹnu mi dáhùn kí ọkàn mi tó débẹ̀. "Ẹni tó ń gbẹ́ ojú ọlọ ni. Ọlọ ilé ìdáná wa ti ń yọ̀, mo ní kó wá bá wa gbẹ́ ẹ."

Ó gbọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló wà láàrin wa. Ó wò mí fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba. "Ẹ káàárọ̀, màdáàmù," ó ní. "Ọlọ náà dà?"

Màdáàmù. Èmi.

"Gba ẹ̀yìn," mo ní. "Jókòó síbi àgbá omi yẹn, màá ní kí wọ́n gbé e wá bá ọ."

Mo pe bàbá mi ní ìwọ. Òun sì ń fi ẹ̀yin dá mi lóhùn.

Ó jókòó sínú oòrùn, ó gbé ọlọ sáàrin ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Tọ́, tọ́, tọ́. Lójú fèrèsé ni mo wà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dáwọ́ dúró, á di ẹ̀gbẹ́ mú, á fi eyín há ètè. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mrudula da omi sí i lọ́wọ́ láti òkè kí ara wọn má baà kanra, ó gbé tíì fún un nínú ife tó já létí, èyí tí a máa ń gbé síta fún àwọn òṣìṣẹ́.

"Èló ni?" ni Mrudula bi í.

"Rúpì mẹ́ta, màdáàmù."

"Mẹ́ta kẹ̀? Ṣé o fẹ́ fi kọ́lé ni? Gba méjì."

"Háà, màdáàmù, ẹ fọwọ́ kàn án wò ná. Ata tó bá rí ọlọ yìí á gé ara rẹ̀ ni. Ẹ mú méjì àbọ̀ wá."

Ó ń ná an. Bàbá mi ń ná an bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ló ṣe wá lóòótọ́, kí irọ́ mi má baà ní ihò níbì kankan. Ó gba méjì àbọ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Mrudula ní, "Bàbá yẹn mọṣẹ́ o. Níbo lo ti rí i?"

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo sáré lọ sí ibùdókọ̀ Swargate. N kò bá a.

Ọjọ́ ogún, oṣù Igbe

N kò lè jẹun. Wọ́n lọ agbọn sórí ọlọ náà ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn ní ó kúnná dáadáa.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Èbìbí

Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ Nagamma, àbúrò mi. Aládùúgbò kan ló bá a kọ ọ́. Bàbá ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ti ń dùn ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ọjọ́ tó wá bá ọ ní Pune, ó ní kí o mú òun lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ni. Nígbà tó padà dé, ó ní o kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n, ibo lo lọ?"

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Èbìbí. Shirwal.

Ọdún méjì rèé tí n kò wá. Ahéré wọn ti sún mọ́ etí kòtò ìfọ́kùúta jù bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, tàbí kòtò náà ló sún mọ́ ọn. Bàbá dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Màdáàmù ti dé." Nagamma rẹ́rìn-ín, ó rò pé aṣọ mi ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò fẹ́ tẹ̀ lé mi. Nagamma ló kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò tó sì ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ lè bínú sí i nínú bọ́ọ̀sì. Wákàtí méjì ni ọ̀nà, àyè á gbà yín."

Kò bínú. Ojú fèrèsé ló kọjú sí títí a fi dé Pune.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Èbìbí

Ilé ìwòsàn ìjọba. Àwòrán fi òkúta hàn nínú kíndìnrín òsì, ó tó èso àgbálùmọ̀. Aṣmarii ni ìwé ìṣègùn àtijọ́ ń pè é, òkúta kékeré, ọ̀rọ̀ abo nínú gírámà. Mo ní káàdì ọgọ́rin lórí rẹ̀. N kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń mú ènìyàn kígbe.

Akọ̀wé ilé ìwòsàn bi mí, "Kí ni ẹ jẹ́ sí bàbá yìí?"

"Ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Vitkar lòun. Ẹ̀yin sì kọ Vaidya síbí."

Ènìyàn bí ogún ló wà lórí ìlà lẹ́yìn mi. Mo ní kó fa igi lé Vaidya. Ó ní kí n tún un sọ sókè.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èbìbí

Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ wá..."

"Mo mọ ọjọ́ náà. Kò sí ìdí tí wàá fi júwe rẹ̀ fún mi."

"Ó kù. Mo ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ti kú."

Ìyẹn ni kò mọ̀. Mo rí i bó ṣe dé ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méje."

Ó kọjú sí ògiri. Olùtọ́jú wá, ó wo ibà rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá láti ọ̀dọ̀ ògiri: "Kí ni mo ń ṣe kí n tó kú?"

"Tíṣà."

"Tíṣà!" Ẹ̀rín mú un, ìrora sì gbá a mú nínú ẹ̀rín náà, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Ó dáa. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi fọ́ òkúta. O fi ẹnu kan ṣoṣo sọ mí di tíṣà. Àfi kí n dúpẹ́."

Mo sunkún. Kò ní kí n má sunkún.

Ojú tún tì mí láti kọ ohun tó tẹ̀ lé e, torí pé lórí ibùsùn ìrora rẹ̀ ni mo ti bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fún un. Mo sọ fún un nípa ìwé àtijọ́ náà, òkúta tó sùn, àti bí a ṣe sọ ọ́ di òkúta tó gbóná.

Ó yíjú padà sí mi. "Ta ló sọ pé gbóná?"

"Ọ̀gá mi."

"Ǹjẹ́ ó ti fọ́ òkúta rí?"

"Rárá."

"Mo mọ̀. Òkúta gbígbóná ni kí ènìyàn má là? Iná gan-an la máa ń dá sí i lára kó lè sán! Bàbá bàbá mi kò ní ẹ̀tù, igi ló ń kó jọ sí i, á dáná, á da omi lé e, gbàù! Ẹni tó bá ka ìwé yín á máa dúró kí òkúta tutù, ebi á sì pa á kú síbẹ̀." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹni tó kọ ti àtijọ́ yẹn mọṣẹ́. Ó sùn. Bẹ́ẹ̀ náà la ń wí. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì dákẹ́." Ó pa ojú dé. "Èmi, ènìyàn ni mí, mo lè fara dà á. Kí ni òkúta ṣe ọ́?"

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Èbìbí

Wọ́n ti yọ ọ́. Ó yè é.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu

Òjò àkọ́kọ́. Bàbá ti padà sí Shirwal pẹ̀lú Nagamma. Mo ti wà ní ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, n kò tíì sọ ọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń dìde láti orí àga, lójoojúmọ́ ni mo sì ń dé ìdí ìkòkò omi, màá mu omi, màá padà jókòó. Mo ti mu omi tó.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Òkúdu

Mo sọ ọ́. Mo gbé káàdì tuntun síwájú Gúrúji. Suptam ni kó wà bẹ́ẹ̀, akọ̀wé kò ṣàṣìṣe. Mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ nípa iná.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí dára. Ó dára púpọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ dà?"

Mo tọ́ka sí ìlà ìkẹyìn. Durgappa Vitkar, afọ́kùúta, Shirwal. Bàbá mi.

"Bàbá rẹ ti kú."

"Kò kú, Gúrúji. Èmi ni mo pa á."

Kálàmù Mrudula dúró. Gúrúji yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún láìdáwọ́ dúró. Mo ti múra sílẹ̀ de ohun tó máa sọ nípa ìdílé mi. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo sọ pé akọ̀wé yẹn tòògbé, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, Gúrúji."

"O jókòó síbẹ̀ yẹn, o jẹ́ kí arúgbó fi ẹnu ara rẹ̀ gbé irọ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ máa kà." Ó fi dígí náà sójú padà. "Orúkọ tó bá wù ọ́ ni kí o máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn, Renuka. Ìyẹn."

Ó mú agbòòrùn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú òjò lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n ti to lẹ́tà ojú ìwé náà tán. Ó ní kí wọ́n tú u.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Òkúdu

Mrudula kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Lónìí ó gbá mi mú nídìí ilé ìdáná, ojú rẹ̀ pọ́n. "O jẹ́ kí n bá bàbá rẹ nájà. O jẹ́ kí n pè é ní ìwọ. Kò tó kí o tẹ́ nìkan, o fi èmi náà kún un." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ife tó já létí kò sí lórí pẹpẹ mọ́. N kò béèrè.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Òkúdu

Gbogbo ìlú ń yọ̀ nítorí ife-ẹ̀yẹ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé tí a gbà. Mo ń ka ojú ìwé tí wọ́n tún tò. Suptam wà níbẹ̀. Orúkọ Bàbá kò sí. Gúrúji ní òfin ìwé náà ni pé a kì í fi ènìyàn tó wà láàyè ṣe ẹ̀rí. Ó ní ó dun òun.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Agẹmọ

Gúrúji ló ránṣẹ́ pe Bàbá. Ó ní ọ̀rọ̀ méjìlá mìíràn wà nípa òkúta tó ń yọ òun lẹ́nu. Mo rò pé Bàbá kò ní wá. Ó wá. Àtẹ̀gùn iwájú ló gbà. Mo dìde, mo ní kí gbogbo wọn gbọ́, "Bàbá mi nìyí, Durgappa Vitkar." Mrudula gbé àga fún un fúnra rẹ̀, kò lè wò ó lójú.

Wọ́n bá iṣẹ́ lọ títí aago mẹ́rin. Gúrúji á ka gbólóhùn, èmi á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ilé wa, níwájú gbogbo ènìyàn, Bàbá á ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "ẹni yẹn kò mọ nǹkan kan." Ìgbà kan Gúrúji sọ fún un pé ní Ìráàn, òkúta àti ọ̀run ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bàbá ronú. "Ẹ wọ inú kòtò wa wò lọ́jọ́ kan, ọ̀gá. Bí ẹ bá gbójú sókè láti ìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí." Gúrúji kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó bá gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò bá rẹ́rìn-ín.

Mo sìn ín lọ sí Swargate. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Satara tó ń gba Shirwal kọjá wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe yẹ kí ọmọ ṣe kí bàbá tó lọ. N kò ṣe é níta gbangba rí.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kò tíì yá," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le. "Nígbà tó bá yá, màá na ẹsẹ̀ sí ọ."

Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó gun bọ́ọ̀sì. Mo wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi nínú ẹrẹ̀, àwọn èrò ń yà fún mi bí ẹni pé nǹkan mi ló sọnù sílẹ̀, títí bọ́ọ̀sì náà fi lọ.